Àlá, Ojú Inú àti Ìtàn: Kí Ni A Ń Rọ́ fún Ara Wa?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 37:5–11 àti 41:1–24, 2 Sámúẹ́lì 14:1–20, Mátíù 27:19.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun tí gbogbo wa ń ṣe, tí a kì í sábà jókòó rò: àlá tí a ń lá, ohun tí ojú inú wa ń yà fún wa, àti ìtàn tí a ń fi ẹnu wa sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Jẹ́nẹ́sísì orí 41 kí ẹ tó ka èyí tí ó kù, nítorí ibẹ̀ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ẹsẹ 1 sí 7, a sọ àlá Fáráò fún wa bí ó ṣe lá a gan-an. Màlúù 7 tí ó sanra, tí ó dára ní wíwò, jáde láti inú odò. Màlúù 7 mìíràn tí ó rù, tí kò dára ní wíwò, jáde tẹ̀lé wọn, wọ́n dúró ti àwọn ti ìṣáájú ní bèbè odò, wọ́n sì gbé wọn jẹ. Ó tán. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 17 sí 24, Fáráò fúnra rẹ̀ ni ó ń rọ́ àlá yìí kan náà fún Jósẹ́fù. Ẹ fi ìka tọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè rí i. Ọba fi kún un pé òun kò rí irú màlúù burúkú bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ Íjíbítì. Ó tún fi kún un pé nígbà tí àwọn tí ó rù jẹ àwọn tí ó sanra tán, ènìyàn kò lè mọ̀ pé wọ́n jẹ nǹkan kan, nítorí wọ́n ṣì burú bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò sí èyí nínú àlá àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó fo ti dídúró tí wọ́n dúró ti ara wọn ní bèbè odò. Nígbà tí ó dé orí ṣírì ọkà, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un níbẹ̀ náà: ó ní wọ́n ti gbẹ.

Ǹjẹ́ Fáráò purọ́ ni? Rárá o. Ẹsẹ 8 sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ dàrú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó rí, ohun tí ó ti ń rò nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jí, àti ẹ̀rù tí ó bà á, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀ kí ó tó dé ẹnu rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ojú inú ti bá àlá náà ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì dé iwájú Jósẹ́fù, ó ti di ìtàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọba yìí ń ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìwọ ní gbogbo ìgbà tí a bá jí tí a sì sọ pé, “Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo lá.”

Èdè wa mọ èyí tipẹ́. A ń lá àlá, ṣùgbọ́n a ń rọ́ ọ. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹni tí ó sùn ni ó ń lá a, kò sì sí ẹni tí ó bá a lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó jí ni ó ń rọ́ ọ, àwọn ènìyàn sì wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n tẹ́tí, tí ẹnu yà wọ́n, tí wọ́n ń bi í léèrè. Ẹ tún wo èyí: a ń pa àlọ́, a ń pa ìtàn, a ń pa òwe, a sì ń pa irọ́. “Pa” kan náà ni. Kí wá ni ó ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́? Ẹni tí ó fẹ́ pa àlọ́ yóò kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ yóò sì dáhùn “Ààlọ̀!” Ó ti sọ orúkọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é. Nígbà tí ó bá parí, yóò ní bí òun bá purọ́ kí agogo ẹnu òun má ṣe ró, yóò sì fi ẹnu ró o ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, igi ń kọrin, síbẹ̀ kò sí ọmọ tí a tàn jẹ. Àlọ́ jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ó léwu ni àròsọ tí ó wọ aṣọ ìran wá sí àárín ìjọ, tí kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ padà sí orí 37. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ó lá àlá ìtí ọkà. Àlá náà ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, ó sì ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹsẹ 8 sọ: àwọn arákùnrin rẹ̀ túbọ̀ kórìíra rẹ̀ nítorí àlá rẹ̀ àti nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nǹkan méjì ni a kà sílẹ̀ níbẹ̀. Ti àlá yàtọ̀, ti ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí ó tún lá èkejì, ti oòrùn àti òṣùpá àti ìràwọ̀ 11, ó tún lọ rọ́ ọ, baba rẹ̀ sì bá a wí. (Rákẹ́lì ìyá rẹ̀ ti kú ní orí 35, síbẹ̀ baba ń bi í bóyá òun àti ìyá rẹ̀ yóò wá wólẹ̀ fún un. Àlá kì í tẹ̀lé kàlẹ́ńdà.) Ohun tí mo fẹ́ràn nínú Jákọ́bù ni pé lẹ́yìn ìbáwí náà, ó pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ sínú. Kò pè é ní irọ́, kò sì gbé e kiri. Àwọn àgbà a máa sọ pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ajá ní àlàáfíà ju àwa lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé. Ẹ kò ní ṣàìmọ irú rẹ̀, yálà ní Ẹgbẹ́dá níbí ni ẹ ń gbé, tàbí ní àwọn abúlé oko tí ó yí wa ká. Ìyàwó ilé kan sùn, ó lá àlá pé àgbàlagbà obìnrin kan gbé ẹ̀kọ fún òun jẹ. Kò rí ojú obìnrin náà dáadáa. Ó jí, ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń run ún. Ó rọ́ ọ fún aládùúgbò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Aládùúgbò bi í pé, “Ṣé kò jọ ìyá ọkọ rẹ?” Ìyàwó ronú díẹ̀, ó ní, “Ó fẹ́ jọ ọ́ o.” Nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún ẹnì kejì nídìí agbada gààrì, “ó fẹ́ jọ ọ́” ti di “ó jọ ọ́.” Ẹnì kẹta ní, “Irú ìró wo ni ó ró?” Kò rántí ìró kankan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsin yìí tí wọ́n bi í, ó ń rí aláró kan, èyí tí ìyá ọkọ máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ó tó di ọjọ́ ọjà, gbólóhùn náà ti pé: “Ìyá ọkọ mi fún mi ní oúnjẹ lójú oorun.”

Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó jókòó pète irọ́. Ìbéèrè ni ó fi ojú sí ibi tí kò sí ojú, ìbéèrè ni ó sì wọ ìró fún ẹni tí kò ró ìró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ kò lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà mọ́. Ọbẹ̀ tí ìyá bá gbé wá, wọ́n dà á nù lẹ́yìnkùlé. Ọkọ wà láàárín bí ẹni tí iná ń jó ní ìhà méjì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó náà ṣófo. Owó tí ìbá fi lọ sí ilé ìwòsàn fún inú rírun, ó ti kó o fún ẹni tí ó ní òun yóò bá a pọ oúnjẹ òru náà. Inú sì ń run ún síbẹ̀.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pẹ̀lú pé òfin ilẹ̀ wa kò fi ojú kékeré wo èyí. Abala 210 nínú Criminal Code ti Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Òfin náà kò yọ ẹni tí ó sọ pé àlá ni òun fi mọ̀ sílẹ̀.

Àwọn tí ó ń kọ́ nípa iyè ènìyàn ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Lọ́dún 1932, Frederic Bartlett ti Yunifásítì Cambridge tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ó fún àwọn ènìyàn ní England ní ìtàn kan kà, ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà tí ó ní iwin nínú, ó sì ní kí wọ́n máa tún un sọ lẹ́yìn àkókò díẹ̀, àti lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Ìtàn náà ń kúrú sí i. Ibi tí kò yé wọn, wọ́n fò ó, tàbí kí wọ́n tún un ṣe kí ó lè bá ìgbésí ayé tiwọn mu. Ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́ di ọkọ̀ ojú omi irú èyí tí wọ́n mọ̀ nílé. Àwọn tí ó lọ ṣọdẹ ẹran inú òkun di apẹja. Síbẹ̀ wọ́n rò pé bí àwọn ṣe kà á ni àwọn ṣe ń sọ ọ́. Ìtàn tí a fi ojú kà lórí ìwé nígbà tí a kò sùn nìyẹn o. Áḿbọ̀sì àlá, tí ó ń gbẹ kúrò lọ́kàn bí ìrì òwúrọ̀ bí oòrùn bá ti yọ!

Nípa oorun fúnra rẹ̀, ní ọdún 1953 ni Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé ìgbà kan wà tí ẹyinjú ẹni tí ó sùn máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú, àti pé bí a bá jí i nígbà náà, ó sábà máa ń ní àlá láti sọ. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ń padà wá léraléra ní òru kan, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí ara wọn. Àlá tí a ń lá tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a ń rántí lọ. Ní àkókò náà, iṣan ara a máa rọ̀ pátápátá. Bí iyè bá wá jí kí iṣan tó jí, ẹni náà yóò fẹ́ ké, ohùn kò ní jáde. Yóò fẹ́ dìde, ara kò ní gbé e. Yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e láyà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe irú èyí ní ogun òru. Lọ́dún 2007, dókítà méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì fi í wé àwọn àìsàn oorun àti ti ọpọlọ tí àwọn dókítà mọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe lemọ́lemọ́, kí ó gbàdúrà, kí ó sì lọ rí dókítà. Ìkan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé Ọlọ́run kò fi àlá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni?” A kò sọ bẹ́ẹ̀. Jóẹ́lì sọ tẹ́lẹ̀ nípa àlá àwọn arúgbó, Pétérù sì tún un sọ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Nítòsí wa níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde nínú ìjọ Anglican St. Saviour lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọ kan rọ́ àlá rẹ̀ fún àwọn ará, ẹgbẹ́ náà sì wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí baba wa John Wesley sọ. Lọ́dún 1750 ó tẹ ìwàásù kan jáde tí ó pè ní “The Nature of Enthusiasm”, tí ó fi kìlọ̀ fún àwọn tí ó rò pé gbogbo ohun tí ó bá sọ sí wọn lọ́kàn ti ọ̀run wá. Kò sẹ́ pé Ọlọ́run ti fi àlá àti ìran fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn ní ìgbà àtijọ́, kò sì sẹ́ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ohun tí ó sọ ni pé ènìyàn ń ṣìnà púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ti bíbẹ̀rẹ̀ òwò tuntun ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìfẹ́ Ọlọ́run lórí wọn, kí ó lọ sínú Ìwé Mímọ́ tí ó sọ pé kí a jẹ́ mímọ́, kí ó sì lo làákàyè àti ìrírí láti mọ ọ̀nà tí yóò fi lè jẹ́ mímọ́ jù, tí yóò sì fi lè ṣe rere jù.

Jeremáyà pàápàá ti là á sílẹ̀ ní orí 23, ẹsẹ 28. Ẹni tí ó lá àlá, kí ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àlá. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ Olúwa, kí ó sọ ọ́ ní òtítọ́. Ó fi wọ́n wé ìyàngbò àti ọkà. Obìnrin tí ó ti fẹ́ ọkà rí mọ̀ pé kò sí ìbínú sí ìyàngbò. Ara ọkà ni ó ti wá. Ohun tí a kì í ṣe ni pé kí a dà á sínú òṣùwọ̀n kí a sì gba owó ọkà lé e.

A ti sọ púpọ̀ nípa ewu ojú inú. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹ̀bùn tí ó jẹ́, nítorí Ọlọ́run ni ó dá a mọ́ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn Kristẹni kà jù ní ayé lẹ́yìn Bíbélì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlá. John Bunyan, ẹni tí ń tún ìkòkò irin ṣe ní ẹ̀bá Bedford ní England, ni a jù sẹ́wọ̀n ní ọdún 1660 nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, kò sì jáde títí di ọdún 1672. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS tí òun àti Anna aya rẹ̀ dá ìjọ sílẹ̀ ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láàárín àwọn ọdún 1860. Òun ni àwọn bàbá wa mọ̀ sí “Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́”. Nínú ìwé náà, Bunyan ní òun sùn, òun sì lá àlá ọkùnrin kan tí ó di ẹrù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó wọ inú ìtàn, ó ti sọ fún wa pé ìwé mìíràn ni òun ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí òun ṣàdédé bọ́ sínú àkàwé yìí. Ẹ rí i? Ó ké “Ààlọ́ o!” tirẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ jà nítorí ohun tí òun rí lójú oorun.

Apá kejì ìwé náà, tí ó jáde ní 1684, ni ó yẹ kí Ìdàpọ̀ Àwọn Obìnrin kà, nítorí ìrìn àjò Christiana, aya ọkùnrin náà, àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mercy ni ó wà níbẹ̀. Mercy rẹ́rìn-ín lójú oorun ní ilé tí wọ́n sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Christiana bi í ní ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì rọ́ àlá rẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, àgbà nínú ìgbàgbọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn. Mo rò pé iye etí tí àlá nílò nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sọ pé ipa ìwé Bunyan hàn nínú iṣẹ́ D. O. Fágúnwà ti Òkè-Igbó. Òun náà kò pe Ògbójú Ọdẹ rẹ̀ ti ọdún 1938 ní ìran. Àgbàlagbà kan ni ó ní ó wá bá òun, tí ó ní kí òun mú kálámù àti ìwé kí òun sì kọ ìtàn òun sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó kà á mọ̀ pé ìtàn ni.

Bíbélì ní obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ní 2 Sámúẹ́lì 14, Dáfídì kò jẹ́ kí Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ padà wá sílé. Jóábù ránṣẹ́ sí Tẹkóà, ó mú ọlọ́gbọ́n obìnrin kan wá, ó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Obìnrin náà wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó wólẹ̀ níwájú ọba, ó ní opó ni òun, ọmọkùnrin òun méjì jà lóko, ọ̀kan pa èkejì, àwọn ẹbí sì fẹ́ pa èyí tí ó kù. Inú ọba yọ́, ó búra pé irun orí ọmọ náà kan kì yóò bọ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni obìnrin náà yí ìtàn padà sí ọba fúnra rẹ̀. Nígbà tí Dáfídì sì bi í bóyá ọwọ́ Jóábù wà níbẹ̀, kò pa á mọ́. Ó sọ òtítọ́ kí ó tó dìde kúrò níbẹ̀. Kò sọ pé, “Mo lá àlá nípa rẹ, ọba.” Ìbá rọrùn fún un. Ìtàn rẹ̀ mú kí ẹni tí ó le lọ́kàn wo ọmọ ẹlòmíràn kí ó lè rí ọmọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí a fún ojú inú nìyẹn: kí a lè bọ́ sínú bàtà ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fi ìyá Sísérà nínú Onídàájọ́ 5 wé e. Ó ń yọjú lójú fèrèsé, ọmọ rẹ̀ pẹ́ lójú ogun. Àwọn ìyáàfin ọlọ́gbọ́n tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dá a lóhùn, òun náà sì dá ara rẹ̀ lóhùn: ìkógun ni wọ́n ń pín lọ́wọ́, aṣọ aláràbarà ni yóò kó bọ̀. Wọ́n jọ hun ún títí ó fi rí àwọ̀ aṣọ náà. Sísérà ti kú nínú àgọ́ Jáẹ́lì ní gbogbo àkókò yẹn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ìyá ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó yí i ká ni ó bá a hun ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó wà nídìí agbada gààrì.

Ẹni ìkẹyìn ni aya Pílátù. Ẹsẹ kan péré ni ó ní nínú gbogbo Bíbélì, Mátíù 27:19. Ó lá àlá nípa Jésù, ó jìyà púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lórí ìtẹ́ ìdájọ́. Ẹ wo bí ó ṣe rọ́ ọ. Kò sọ ohun tí ó rí. Kò sọ ẹni tí ó rí, kò dárúkọ àwọn àlùfáà tí wọ́n fi Jésù sùn, kò ní kí a mú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ọkọ rẹ̀ má ṣe fi ọwọ́ kan aláìṣẹ̀. Nínú gbogbo àlá tí a ń gbọ́ nínú ìpàdé àti lẹ́nu ọ̀nà ilé, mélòó ni ó ń parí síbẹ̀ yẹn? Èyí tí ó pọ̀ jù ń parí sórí orúkọ arúgbó kan tí kò sí níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Fún ìpàdé kíláàsì, a dábàá àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá lá àlá tí ó wúwo lọ́kàn rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ohun tí ó rí nìkan, kí ó sì fi ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rọ́ ọ fún ọmọ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́. Bí kò bá rí ojú, kí ó kọ pé òun kò rí ojú. Lẹ́yìn àdúrà, kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ Olórí Kíláàsì rẹ̀, kí ó má sì gbé e lọ sí ìdí agbada. Ẹni tí a bá rọ́ àlá fún, kí ó ṣọ́ ìbéèrè tí yóò bi, “Kí ni o rí?” dára, “Ṣé kò jọ lágbájá?” kò dára.

Kí àwọn ìyá jọ ka Jẹ́nẹ́sísì 41 sókè ní ohùn méjì, ẹnì kan ẹsẹ 1 sí 7, ẹnì kejì ẹsẹ 17 sí 24, kí àwọn tí ó kù sì máa ka iye ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan rọ́ ìtàn ìyàwó ilé tí a sọ lókè yìí, ṣùgbọ́n láti ẹnu ìyá ọkọ: bí ó ṣe se ọbẹ̀, bí ó ṣe gbé e lọ, bí kò ṣe mọ ìdí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò fi sáré pàdé rẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní àkókò, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e, àwọn ọmọ yóò wà pẹ̀lú wa ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rántí àlọ́ kan tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ pa fún un, kí ó mú un bọ̀, pẹ̀lú orin rẹ̀. Kí a bẹ àwọn ìyá àgbà tí wọn kì í sábà jáde mọ́ pé kí wọ́n wá, kí a sì rán ẹni tí yóò mú wọn wá láti ilé.